Gàárì kan, ẹṣin méjì: kí là ń tún ṣe lábẹ́ gàárì?

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wá háyà ẹṣin lọ́wọ́ mi ní Ilé-Ifẹ̀ bi mí lóṣù tó kọjá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gàárì náà ní nọ́ńbà bíi bàtà ni?" Ìwúyè bàbá rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe, ó dúró tì mí bí mo ṣe ń di ẹṣin ní gàárì. Mo ní ó ní nọ́ńbà. Ó ní, "Nọ́ńbà mélòó wá ni ti ẹṣin yìí?" Ẹ̀rín pa mí, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára gàárì, ìdí ẹni tó máa jókòó lé e ni wọ́n ṣe é fún. Kò kan ẹ̀yìn ẹṣin rárá. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi í ṣẹ̀sín, torí ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi gbà bẹ́ẹ̀.

Gàárì òyìnbó ni mò ń lò, tòkunbọ̀. Bí ẹ bá gbé etí rẹ̀ sókè, ẹ máa rí "Walsall" àti "17" tí wọ́n tẹ̀ sínú awọ. Walsall jẹ́ ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń ṣe gàárì tipẹ́tipẹ́, débi pé The Saddlers, ìyẹn àwọn tó ń ṣe gàárì, ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà. Ínṣì ni 17 yẹn. Láti ìṣó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí gàárì, ìyẹn iwájú rẹ̀ tó yọ sókè, títí dé àárín ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹni tí ìdí rẹ̀ tóbi lè gba 18, ọmọdé lè gba 15. Bí gàárì ṣe fẹ̀ sí lẹ́yìn ẹṣin, ọ̀tọ̀ nìyẹn, àmì tí wọ́n sì ń fi sí i kò bá ara wọn mu: èyí tí ilé iṣẹ́ kan pè ní àárín lè jẹ́ fífún lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn. Ojú àti ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọdún mẹ́fà ni gàárì yẹn fi wà lẹ́yìn Àlàó, ẹṣin mi àkọ́kọ́, láìsí wàhálà kankan. Ẹ̀yìn Àlàó rí róbótó bí àgbá, èjìká rẹ̀ kò ga. Nígbà tí Àlàó kú, mo ra abo ẹṣin kan tí wọ́n kó wá láti òkè Ọya, mo sọ ọ́ ní Àdùkẹ́. Ọ̀nà jíjìn ti jẹ ẹ́ lára. Ó rù, òkè èjìká rẹ̀, níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí, yọ sókè bí òrùlé, kòtò sì wà lọ́tùn-ún lósì abẹ́ rẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹran wà. Mo gbé gàárì Àlàó lé e. Orí gàárì náà já lulẹ̀ lé eegun èjìká rẹ̀, ìka mi kan kò kọjá láàárín méjèèjì. Ìka méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó kọjá níbẹ̀, pàápàá nígbà tí ènìyàn bá ti jókòó.

Kí n tó sọ ohun tí a ṣe, ẹ jẹ́ ká wo abẹ́ gàárì, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń rú àwọn ènìyàn lójú.

Ẹ rántí òṣùká. Ìyá tó fẹ́ ru ẹrù kì í gbé e lé àtàrí lásán. Ó wé aṣọ, ó ká a róbótó, ó fi ihò sílẹ̀ láàárín, ó tẹ̀ ẹ́ kó bá orí rẹ̀ mu, ẹrù tó wá sórí. Òṣùká yẹn ló ń pín ìwúwo ká. Bó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn á sọ fún un kó tó dé ọjà. Gàárì òyìnbó náà ní òṣùká tirẹ̀: tìmùtìmù méjì tí a fi awọ rán, tí a ki irun àgùntàn sí nínú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àyè tó wà láàárín wọn ni ihò òṣùká. Ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin ló ń gba ibẹ̀ kọjá, ohunkóhun kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Àyè náà gbọ́dọ̀ tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní fífẹ̀, láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Àwọn gàárì àtijọ́ mìíràn wà tí ẹ̀yìn wọn fún tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kan péré ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ má rà á, bó ti wù kí awọ rẹ̀ dán tó.

Ẹni tó bá gun ẹṣin, ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ló gbé e, eegun ìhà ló sì wà lábẹ́ ẹran yẹn tó ń tì í lẹ́yìn. Ìhà méjìdínlógún ni ẹṣin sábà máa ń ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn gàárì kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi tí èyí tó kẹ́yìn wà, torí láti ibẹ̀ dé ìbàdí, kò sí ìhà kankan lábẹ́ mọ́. Níwájú ńkọ́? Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò sí eegun tó so ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin mọ́ ìyókù ara rẹ̀. Ẹran nìkan ló dè é mọ́ra. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹṣin bá na ẹsẹ̀ síwájú, orí eegun pẹlẹbẹ èjìká rẹ̀ á yí padà sẹ́yìn. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e kí ẹnìkan fa ẹṣin náà lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń yọ́ lábẹ́ awọ. Gàárì tó bá jókòó lé ibẹ̀ ti di ẹṣin náà lẹ́sẹ̀.

Lókè tìmùtìmù ni igi gàárì wà. Igi gidi ni nínú ọ̀pọ̀ gàárì, tí wọ́n fi irin dè níwájú, òmíràn sì jẹ́ ike. Igi yìí ni eegun gàárì: òun ló mọ bó ṣe fẹ̀ tó níwájú àti bó ṣe tẹ̀ kòtò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Gàárì àwọn ará Hausa náà ní igi, ṣùgbọ́n ìtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ dá dúró ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n rán mọ́ ọn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ènìyàn ní "gàárì yìí kò bá ẹṣin mi mu," ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ tìmùtìmù, ó sì lè jẹ́ igi. Tìmùtìmù ṣeé yí padà: a lè fi kún un, a lè yọ nínú rẹ̀, a lè kó ohun tó wà níwájú lọ sẹ́yìn. Igi, kò ṣeé fi kíki yí. (Àwọn gàárì ìgbàlódé kan wà tí irin iwájú wọn ṣeé tú kúrò kí a fi òmíràn sí i. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, orí ẹ̀ dára.)

Èmi kò mọ gbogbo èyí lọ́jọ́ tí gàárì já lulẹ̀ lé Àdùkẹ́. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ni mo ṣe, mo wá aṣọ. Mo ká bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì lábẹ́ rẹ̀, orí gàárì gbéra lóòótọ́, mo sì rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n aṣọ ga síwájú, ó ga sẹ́yìn, ó ga níbi tí kò yẹ kó ga. Gàárì wá ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì, bí ọkọ̀ ojú omi. Mo wá pinnu pé màá ki nǹkan sínú tìmùtìmù fúnra mi. Òwú àràbà ni mo rí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo là á níwájú, mo ki òwú sí i títí ó fi le bí ìgbọ̀nwọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Sátidé a ní òkú àgbà ní Mọdákẹ́kẹ́. Nígbà tí mo tú gàárì kúrò nírọ̀lẹ́, wíwú méjì tó tó ẹyin adìyẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká Àdùkẹ́, bí mo sì ṣe fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó ká etí sẹ́yìn, ó fẹ́ gé mi jẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi gùn ún. Mo gbé gàárì lọ bá Àlàájì kan ní Sábó, àgbà oníṣẹ́ awọ.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ bá mi ki nǹkan sí gàárì yìí dáadáa."

Ó yí gàárì náà dojú dé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ tìmùtìmù náà. Ó ní, "Ta ló ki eléyìí?"

Mo dákẹ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ti wọn ẹ̀yìn ẹṣin náà ná? Tẹ́lọ̀ kì í rán agbádá fún ẹni tí kò rí."

Bí Ifẹ̀ bá jẹ́ ilẹ̀ ẹṣin ni, mi ò bá ti mọ èyí láti kékeré. Ṣùgbọ́n igbó ni wá, ìrù, eṣinṣin tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ló ń gbé kòkòrò àìsàn tó ń pa ẹṣin kiri inú igbó. Ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé ti fi ẹlẹ́ṣin jọba. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, igbó wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin Ìlọrin wúlò bó ṣe máa ń wúlò ní pápá. Ibi tí ẹṣin kò bá pọ̀ sí, àwọn oníṣẹ́ gàárì kò lè pọ̀ níbẹ̀. Oníbàtà la máa ń gbé e fún, oníbàtà á sì rán an kó dán, kò ní bèèrè ẹṣin.

Wíwọ̀n náà kò le. Àlàájì bá mi dé ilé, ó mú wáyà rírọ̀ kan dání àti páálí ìndómì tó já sí pẹrẹsẹ. Ó ní kí Àdùkẹ́ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba, kí orí rẹ̀ má ga jù, kó má sì máa jẹun. Ó wá ẹ̀yìn eegun pẹlẹbẹ èjìká, ó fi ìka méjì sẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ wáyà lé ibẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ, ó gbé e kúrò láìmì, ó gbé e lé páálí, ó sì fi bírò tọ ipa rẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin sẹ́yìn, ó ṣe é níbi ìhà tó kẹ́yìn. Ó wá na wáyà gùn láti èjìká títí dé ibi tí gàárì máa parí sí, kó lè mọ bí ẹ̀yìn náà ṣe tẹ̀ kòtò. Ó fi sísọ́ọ̀sì gé páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tó gbé páálí àkọ́kọ́ sábẹ́ gàárì, gbogbo ọ̀rọ̀ hàn. Ìka kan àtààbọ̀ ló kù láàárín páálí àti tìmùtìmù lọ́tùn-ún, lósì ó fẹ́ẹ̀ tó méjì. Ẹ̀yìn ẹṣin kì í sábà dọ́gba, àfi bíi ti ènìyàn tí apá kan lágbára ju èkejì lọ. Àlàájì fi bírò kọ R sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó kọ L sí èkejì. Ó ní bí mo bá ṣi wọ́n gbé, òun kò sí níbẹ̀.

Ó tú òwú àràbà mi dànù. Ó ní àìdára rẹ̀ ni pé kì í dìde mọ́ tí a bá ti tẹ̀ ẹ́; á ṣù, á le, òógùn á mú un bà jẹ́. Irun àgùntàn wé mọ́ra bí irun orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dídì rẹ̀, òun ló fi ń ta padà sókè. Ẹ ó ní ṣebí àgùntàn kún ìgboro. Àgùntàn tiwa kò ní irú irun bẹ́ẹ̀: irun kúkúrú bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára wọn, kò ṣeé ki. Inú gàárì kan tí igi rẹ̀ ti dá, tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Àlàájì, la ti rí irun tí a lò. (Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá igi gàárì ti dá? Ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ikùn, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ fà á mọ́ra. Bó bá tẹ̀ jù tàbí tó ń ké, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.) Irun àtijọ́ inú tìmùtìmù gàárì tèmi náà ti ṣù. Àwọn kókó kan le bí èkùrọ́. Ẹ fojú inú wò ó kí ènìyàn jókòó lé èkùrọ́ lẹ́yìn yín fún wákàtí mẹ́ta. Ọwọ́ la fi ya wọ́n, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi rí fúlẹ́fúlẹ́, èyí tí kò ṣeé yà a dà á nù.

Bó bá jẹ́ pé díẹ̀ lásán la fẹ́ fi kún un, ojú kékeré kan wà tí wọ́n là sára tìmùtìmù níbi tí kò kan ẹṣin, ibẹ̀ la máa ń gbà. Tiwa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tú okùn tó rán an mọ́ igi níwájú àti lẹ́yìn, ó bọ́ tìmùtìmù sílẹ̀ pátá. Ó ní irin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí alágbẹ̀dẹ bá a rọ, orí rẹ̀ là díẹ̀ bí ahọ́n ejò. Ìwọ̀nba irun tó tó ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé ló ń fi tì wọlé lẹ́ẹ̀kan, láti ibi tó jìnnà jù lọ, ó ń bọ̀ wá sítòsí. Láàárín, á fi òòlu gún awọ láti ìta, á fi ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ yí irun inú kó má ṣù, á sì fi òlù onígi lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí lọ́wọ́ ni bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ó dìde. Èyí tí mo kì lọ́jọ́ kìíní le bí òkúta, òun ló sì bí wíwú yẹn. Kíkún kọ́ ni iṣẹ́ náà, kí gbogbo ojú rẹ̀ kan ẹ̀yìn dọ́gba ni.

Àìsàn mìíràn wà tí tìmùtìmù lè ní. Òmíràn máa ń kan ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, àárín á ṣófo bí afárá lórí odò. Ẹṣin àgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ kòtò ló ń bá jù. A máa ń ki àárín sí i, ṣùgbọ́n bí kòtò náà bá jìn, kíki nìkan kò tó. Òdìkejì rẹ̀ ni èyí tó ń mì síwájú sẹ́yìn bí àga onímìmì: àárín rẹ̀ ló yọ jù. Bí ẹ̀yìn gàárì bá rẹlẹ̀ ju orí lọ, ẹ má sáré ki ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú, bóyá igi ló fún jù tó ń ti orí gàárì sókè.

Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi kan ní Iléṣà. Ẹṣin rẹ̀ sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ bíi ti Àlàó mi. Gàárì tó rà fún jù. Ó jókòó sókè bí adìyẹ lórí odi, ẹni tó bá gùn ún á máa wo ojú ọ̀run. Ó pè mí pé kí Àlàájì bá òun ki ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè tẹ́. Àlàájì ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Bó bá ki ẹ̀yìn, iwájú á túbọ̀ há. Bó bá tẹ́ aṣọ tó nípọn sí i, á burú sí i, àfi bí ẹni tí bàtà ń fún lẹ́sẹ̀ tó lọ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì. Igi tó fẹ̀ ju ẹṣin lọ díẹ̀, a lè fi kíki gbà á là. Igi tó fún, ká gbé e fún ẹṣin mìíràn ni. Ọ̀rẹ́ mi tà á, ó kàn bínú sí mi fún bí oṣù kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti bá a mu? Ọ̀pọ̀ ń wo òógùn. Bí ẹ bá tú gàárì tí gbogbo abẹ́ rẹ̀ tutù, àmọ́ tí ojú kan gbẹ láàárín, ẹ fura. Ó lè jẹ́ pé gàárì ń tẹ ibẹ̀ jù tí òógùn kò fi ráyè jáde, ó sì lè jẹ́ pé kò kan ibẹ̀ rárá. Òógùn nìkan kò lè sọ èwo ni. Ẹ gbé gàárì lé e láìtẹ́ aṣọ, kí ẹnìkan jókòó, ẹ wá ti ọwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tó bá fún yín lọ́wọ́, ó ń tẹ ẹṣin. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti wọlé fàlàlà, ó ṣófo. Bí irun funfun bá ti hù lẹ́yìn ẹṣin tí kì í ṣe funfun, ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ń tẹ ibẹ̀. Ohun tó ń fún irun láwọ̀ ló ti kú, irun yẹn kì í sábà padà sí bó ṣe wà.

Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kì máa ń lọ sílẹ̀, nítorí náà Àlàájì ní kí n gbé e padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo pẹ́ díẹ̀, ó di oṣù karùn-ún. Àdùkẹ́ ti ń jẹ bàbà àti koríko tútù dáadáa, kòtò ẹ̀gbẹ́ èjìká rẹ̀ ti ń kún, gàárì tó bá a mu nígbà yẹn ti fẹ́ máa gbé orí sókè. Àlàájì gbé páálí àtijọ́ lé e, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹṣin ti kúrò nínú páálí. Ó yọ ẹ̀kúnwọ́ kan ní R, ó yọ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní L, ó dà wọ́n sínú nylon, ó ní kí n má sọ ọ́ nù. Ó wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin di báyìí, pẹ̀lú páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú tí koríko wọ́n, Àdùkẹ́ lè tún rù.